Arthur Wharton, Ọmọ Àkráà tí ó Fi Iṣẹ́ Olùkọ́ Sílẹ̀

Ìtàn ìgbésí-ayé àwọn olùkọ́ àti àlùfáà kò ṣọ̀wọ́n nínú irú ìwé yìí: àwọn tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ bí irú tiwa, tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n sì lo ọjọ́ ayé wọn níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí kò sì jáde ní olùkọ́, ìtàn tirẹ̀ ni a fẹ́ sọ nísinsìnyí. Arthur Wharton ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, bí àwa náà ti jẹ́. Ìdí tí a fi yan òun yóò hàn níwájú.

Ní ọjọ́ 28 oṣù October ọdún 1865 ni a bí i ní Jamestown, ní ìlú Àkráà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí ó di Gánà ní 1957. Bàbá rẹ̀, Henry Wharton, jẹ́ àlùfáà ìjọ Wẹ́sílì. Erékùṣù Grẹ̀nádà ní òdìkejì òkun ni a ti bí i. Ìyá rẹ̀, Annie Florence Egyriba, jẹ́ ọmọ ìdílé ọba láàrin àwọn Fántì. Ẹ rántí pé láti inú iṣẹ́ ìránṣẹ́ Wẹ́sílì ti Gold Coast yìí kan náà ni Thomas Birch Freeman ti wá sí Bàdágìrì àti Abẹ́òkúta ní 1842. Nítorí náà ilé tí a bí Wharton sí kò jìnnà sí tiwa tó bí a ti lè rò. Ọmọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ní ìhà bàbá, ọmọ ààfin ni ní ìhà ìyá. Bí ó bá ṣe pé ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni a bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí láyé ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ni ì bá ti mọ ohun tí yóò dà kí ó tó hu eyín.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ará ilé rẹ̀ náà rò. Bàbá kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ṣùgbọ́n ète bàbá kò kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880 a rán Arthur lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àti ti míṣọ́nnárì, nígbà tí ó sì di 1884 ó wà ní Cleveland College ní ìlú Darlington, ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó aṣọ òtútù: ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ta iṣu, tí ìyá rẹ̀ ti ta gàrí, kí ó tó rí owó táàmù kan san kò nílò kí a ṣàlàyé fún òun ohun tí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ìdílé kan.

Ní Darlington ni pápá ti gbà á mọ́ ìwé lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ gólì fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, láìgba owó. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ gólikípà ti rí nígbà náà, nítorí kò rí bí a ti ń ṣe é lónìí. Gólikípà lè fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níbikíbi ní ìdajì pápá tirẹ̀; ọdún 1912 ni òfin tó há a mọ́ iwájú ilé rẹ̀. Kò sí àwọ̀n lẹ́yìn òpó títí ó fi di nǹkan bí 1891. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé, ní ìgbà tí Wharton bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní àyè láti fi èjìká kọ lu gólikípà kí ó sì ṣubú, ì báà má tilẹ̀ mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹni tí ó lè sáré ni, ẹni tí ó lè fi ìkúùkù gbá bọ́ọ̀lù jáde, tí àyà rẹ̀ kì í sì í já. Wharton ní gbogbo rẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni láti lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, bí ewu bá sì dé kí ó ta jáde bí ọfà.

Ní 1942, tí Wharton ti kú láti ọdún 1930, ẹnì kan kọ ìwé sí ìwé-ìròyìn kan ní Sheffield nípa ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí nígbà èwe. Ó ní òun rí Wharton tí ó fò sókè, tí ó di ọ̀pá òkè gólì mú, tí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù mọ́ra, tí àwọn mẹ́ta tí ń sáré bọ̀ wá kọ lù ú sì bá ara wọn nínú àwọ̀n. Ó ju ogójì ọdún lọ tí ọkùnrin náà fi gbé ìran yìí sínú. Ní Ọ̀yọ́ níbí, níbi tí eégún alárìnjó ti ṣẹ̀, a mọ irú ohun bẹ́ẹ̀. Bàbá arúgbó kan lè gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó má gbàgbé bí eégún kan ti takìtì níwájú ààfin ní ọdún tí ó wà ní ọmọdé. Àwa kò fi ojú kékeré wo ẹni tí ó bá lè fún ènìyàn ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 3 oṣù July 1886, ní pápá Stamford Bridge, nínú ìdíje ọdọọdún ti ẹgbẹ́ àwọn eléré-ìje tí kì í gbowó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sá yáàdì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10 gééré. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ó sá a bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń ṣa àwọn asáré, ó tún sá a bẹ́ẹ̀ ní àṣekágbá. Láàrin àwọn tí kì í gbowó, a kò mọ ẹni tí ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ayé ní ọjọ́ náà. Ní 1887 ó padà wá, ó sì tún gba ipò kìn-ín-ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí jẹ́, kí ó fi ìṣísẹ̀ gígùn wọn ọgọ́rùn-ún lórí pápá, kí ó sì wo òpin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, dé ẹ̀wá.

Ní ọdún 1886 yìí kan náà, ní ilẹ̀ tiwa, ọmọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ mìíràn wà lórí ìrìn. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ń lọ ó ń bọ̀ láàrin ibùdó ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀, òun pẹ̀lú Charles Phillips, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ní ọjọ́ 23 oṣù September. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e a fi í ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ní Ọ̀yọ́ ni ó ti parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó sì kú ní 1901 láì rí i ní títẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù sọ́wọ́ àwọn tí a fi rán sí ní ìlú òyìnbó. Àbúrò rẹ̀, dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù nílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

A kò mú Johnson wọ inú ọ̀rọ̀ yìí kí a lè fi í ṣe ọ̀pá tí a ó fi na Wharton, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ì bá ti ṣe. Ohun tí ó kàn wa ni pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni ó ṣubú lulẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Ẹnì kan ní àbúrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ṣa á. Èkejì kò ní.

Kí ni ó dé tí Wharton kò padà sí ìdí ìwé lẹ́yìn tí ó ti jẹ oyè yìí? Ìdáhùn náà kò ṣòro. Preston North End, tí kò sí ẹgbẹ́ púpọ̀ tí ó lè dúró níwájú wọn nígbà náà, pè é wá ṣọ́ gólì. Ní 1887 ó bá wọn dé ibi tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú ìdíje Ife FA, West Bromwich Albion ni ó sì dá wọn dúró níbẹ̀. Nígbà tí ó di 1888 ó ti fi Preston sílẹ̀ kí ó lè gbájú mọ́ eré sísá, ó sì gba ẹ̀bùn àwọn asáré olówó ní Sheffield ní oṣù September ọdún náà. Ẹ wá wo bí ayé ti rí: ní sáà tí ó lọ gan-an, 1888 sí 1889, Preston gba Líìgì tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ láì pàdánù eré kan ṣoṣo, wọ́n sì gba Ife mọ́ ọn. Títí di òní ni a ń fi orúkọ ìyìn pe àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ ní sáà náà. Wharton kò sí nínú wọn.

Ní 1889 Rotherham Town gbà á, wọ́n sì ń san owó fún un. Nípa bẹ́ẹ̀ ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tí ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ oúnjẹ. Ní 1890 ó fẹ́ Emma Lister ní ìyàwó. Ó tún ń gba kírikẹ́ẹ̀tì, ó ń gun kẹ̀kẹ́ ìje, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ ti 1887 fún ìrìn kẹ̀kẹ́ láti Preston dé Blackburn. Àwọn kan ń pe èyí ní àìlèjókòó-síbì-kan. Àwa rò pé ọgbọ́n ẹni tí ó ní ilé láti bọ́ ni. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ ìgbà òtútù ní ilẹ̀ wọn, eré sísá àti kírikẹ́ẹ̀tì ni ti ìgbà oòrùn. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu tí ó tún gbin àgbàdo sí ìdí ebè kò ya wèrè. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí kò tó, ó ṣe alábòójútó ilé ọtí ní Rotherham.

Sheffield United mú un ní 1894. Eré Líìgì kan ṣoṣo ni ó bá wọn gbá, pẹ̀lú Sunderland ní 1895, nítorí pé William Foulke, ọkùnrin gìrìwò kan, ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè tì í kúrò. Lẹ́yìn èyí Wharton tún padà sí Rotherham, ó lọ sí Stalybridge, ó lọ sí Ashton, ó padà sí Stalybridge, ó sì parí rẹ̀ ní Stockport County ní 1902. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó ń ṣọ́ gólì fún wa. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti ìlú mìíràn rí i, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é kí ó wá dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá fún un sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò àṣekágbá wa gan-an. Àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ pè é ní ojú gbogbo wa. Ó ní ọkùnrin kan wà rí tí ń jẹ́ Wharton. Òun náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, òun náà ń ṣọ́ gólì. Ó ta ìwé ra bọ́ọ̀lù, kòtò èédú ni ó sì ti lo ọjọ́ ogbó rẹ̀, a sì sin ín bí ẹni tí kò ní ará. Ọ̀rẹ́ wa kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwa tí a wà ní yàrá kan pẹ̀lú rẹ̀ ni a wá ìtàn náà rí, tí a sì ń kà á sókè fún un.

Ohun tí àgbà náà sọ kò ní irọ́ nínú. Nígbà tí Wharton kò lè ṣe eré mọ́, ó di òṣìṣẹ́ ní ibi ìwakùsà èédú Yorkshire Main ní Edlington, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ń fa ẹrù èédú nínú ilẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù December 1930 ni ó kú, ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. A sin ín sí itẹ́ òkú Edlington, a kò fi òkúta sí i, a kò kọ orúkọ sí i. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá kò lè mọ̀ pé abẹ́ koríko yẹn ni ẹni tí ó yára jùlọ ní Stamford Bridge wà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà àti òpin rẹ̀ nìkan kò tíì sọ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rí ni kòtò èédú jẹ ní ọjọ́ ogbó, kò sì sí ẹni tí ó fi wọ́n kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n san owó ẹnu ọ̀nà láti wo Wharton kò di nǹkan kan mú fún un de ìgbà tí eékún rẹ̀ yóò kọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ tí ń gba owó lórí rẹ̀ lónìí sì lè fi í sílẹ̀ ní ọ̀la. Nígbà náà iṣẹ́ ọjọ́ kan ni iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù, bí ti alábàárù. Eré kọ́ ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn ṣe, àwọn ènìyàn kò bá a ṣe.

Ní 1997, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, àwọn kan ní Sheffield tí ń bá ìkórìíra ẹ̀yà jà lórí pápá bọ́ọ̀lù dá owó jọ, wọ́n sì gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀. Ní 1998 Phil Vasili tẹ ìwé kan jáde lórí ìgbésí-ayé rẹ̀. Ní 2003 a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olókìkí agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2014 a sì gbé ère rẹ̀ dúró ní St George's Park, ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà ti ń ṣe ìgbáradì. Ère náà ń fò sókè sí bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ wa ní òun kò lè dá ọ̀rọ̀ náà gbé, àwa mẹ́ta sì sìn ín lọ sí ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọwọ́dé ni a ti wọ ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ sì wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí wa, wọ́n fún wa ní omi àti máńgòrò. Lẹ́yìn náà a sọ ìtàn Wharton fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí a rò pé bí wọn yóò bá gbọ́ ọ, ó sàn kí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a dárúkọ Jamestown, bàbá àgbà dìde jókòó. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ẹ pè yẹn, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n." Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣòwò ní Gánà, aṣọ ni ó ń tà ní Àkráà títí di November 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sọ fún wa nípa ilé iná tí ó ga ní etí òkun, nípa àwọn apẹja Gá, àti àwọn ọmọkùnrin Bukom tí ń kan ẹ̀ṣẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé ta ni ó gbé òkúta sórí ọkùnrin náà. A ní àwọn tí kò bá a tan ni. Ó bi wá pé lẹ́yìn ọdún mélòó. A sọ fún un.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwa," ni ó wí. "Ẹni tí mo ń ta aṣọ fún láwìn, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹun nínú ilé mi, nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta kò mọ̀ mí mọ́." Nígbà náà ni ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Kì í ṣe eré ni mo ń bẹ̀rù fún ọ. Eré dára. Àwọn tí ó ń lọ bá yẹn, ta ni yóò mọ̀ ọ́ níbẹ̀ bí ọwọ́ rẹ bá wọ́?"

Ọ̀rẹ́ wa kò ní èsì. Bàbá rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè tí ó sì béèrè ya gbogbo wa lẹ́nu: ṣé ẹnikẹ́ni ti bẹ ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan? Kò sí ẹni tí ó ti bẹ̀ wọ́n. Àwọn tí ń bá a wí àti àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn ti gba gbogbo afẹ́fẹ́ tán.

A kọ ìwé náà ní alẹ́ ọjọ́ tí a padà dé Ọ̀yọ́. Èsì dé ní kíákíá: àyè ti kún, wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ wa ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jáde lọ sí pápá láìmú bọ́ọ̀lù dání, a kò sì tẹ̀ lé e. Ó jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó ṣì ń ṣọ́ gólì fún wa ní ọjọ́ Sátidé. Ní táàmù yìí a rán an lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Akẹ̀sán, ní kíláàsì kẹrin, níbi tí ó ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Àwọn ọmọ náà kì í pè é ní Tíṣà. Gólì ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dá wọn lóhùn.